Ọ̀nà Wo Ló Gba Kẹ̀kẹ́ ní Ìgboro Àkúrẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ẹ̀bá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú yìí, ni mo ń gbé, Alágbàká sì ni ọ́fíìsì mi wà, bíi kìlómítà 10 síra wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni owó takisí ti ń jẹ owó oṣù mi bí ikán ṣe ń jẹ igi, ni mo bá ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo ń gbà: Road Block, Oyèmẹ́kùn, Ọba Adésidà, kí n gba iwájú Ọjà Ọba kọjá lọ sí Alágbàká. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo gùn ún, ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Ọlọ́kadà kan fi dígí rẹ̀ gbá mi ní ìgbọ̀nwọ́, àwọn onítakisí sì ń já wọ iwájú mi láti gbé èrò láìfi àmì kankan hàn. Ìyá Ìbejì ní kí n tà á. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè máa gbà? — Bàbá Ìbejì, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ má tíì tà á. Ẹ bá mi bẹ Ìyá Ìbejì pé kí wọ́n fún yín ní oṣù kan sí i, nítorí kẹ̀kẹ́ yín kò ṣẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà ló ṣẹ̀.

Ohun tó mú kí Ọba Adésidà dùn fún ọkọ̀ gan-an ló mú kó korò fún kẹ̀kẹ́. Ó gùn gbọọrọ, ó fẹ̀, alápá méjì ni, ìdènà sì wà láàárín rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti wọ apá kan, ẹ kò lè ṣẹ́rí sí òdìkejì àfi tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n là sílẹ̀. Apá ọ̀tún pátápátá, níbi tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ wà, ni takisí àti kẹ̀kẹ́ Márúwá sọ di ibùdókọ̀. Kì í ṣe eré tí wọ́n ń sá ni wàhálà yín. Ó ṣe tán, ọkọ̀ tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò lè sáré. Yíyà tí wọ́n ń yà sí etí títì, tí wọ́n tún ń yà jáde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ibi tí ènìyàn lè ju òkò dé, ni ó já yín láyà, ó sì tọ́ kó já yín láyà.

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yóò sọ pé kí ẹ máa gba àdúgbò. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ nílùú yìí. Mo fi títì ńlá sílẹ̀, mo wọ àdúgbò, ọkàn mi balẹ̀, àwọn ọmọdé ń kí mi, mo yà sósì, mo yà sọ́tùn-ún, títì kẹta sì gbé mi dé etí omi, ó tán síbẹ̀. Mo ń wo òrùlé ilé tí mò ń lọ ní òdìkejì. Pákó kan ṣoṣo ni àwọn ará àdúgbò tẹ́ sórí omi náà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, mo dé àárín, pákó mì, pẹ́dà kẹ̀kẹ́ sì sọ mí ní ojúgun. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ohun tí pákó yẹn kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Odò Àlà àti àwọn ìṣàn kéékèèké tó ń wọnú rẹ̀ la ìgboro Àkúrẹ́ kọjá, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí títì àdúgbò ti pàdé omi ni wọ́n ti ṣe afárá. Ìdí nìyí tí títì kéékèèké fi pọ̀ bí eèrà, ṣùgbọ́n tí ibi tí wọ́n ti lè sọdá kò tó nǹkan. Ẹni tó ń wá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kó máa yan títì kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń bá a pàdé, nítorí yóò rin ìrìn ìdajì wákàtí kí omi tó dá a padà sí Ọba Adésidà tó ń sá fún. Afárá ni kó kọ́kọ́ yàn. Ẹ wá gbogbo ibi tí ènìyàn ti lè sọdá omi láàárín ilé yín àti Alágbàká, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá ibi tí ẹ ti lè gé àwọn títì ńlá kọjá. Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀nyí tán, títì àdúgbò tó máa so wọ́n pọ̀ kì í ṣòro rí mọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ fi ṣe é, kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó jáde. Bí ẹ bá dé orí afárá kan, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọkọ̀ kan àti kẹ̀kẹ́ kan lè jọ wà lórí rẹ̀ láìfi ara gbún ara, àti bóyá nǹkan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn já sódò. Ẹ wo igbó etí omi pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó há sórí ẹ̀ka igi ní ibi tó ga ju ojú afárá lọ, ibẹ̀ ni omi dé nígbà tó kún, ẹ kò sì gbọdọ̀ fọkàn tán afárá bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò, bó ti wù kó ṣe ọ̀nà àbùjá tó. Ẹ yan ọ̀nà kan fún ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ yan òmíràn fún òjò.

Ọ̀nà àdúgbò ní owó tirẹ̀ o, ẹsẹ̀ yín ni yóò sì san án. Ibi tó relẹ̀ ni omi ń gbà, nítorí náà gbogbo títì tó ń lọ sí afárá ń sọ̀kalẹ̀ ni, èyí tó kúrò níbẹ̀ sì ń gun òkè. Ẹ yí gíà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, torí ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òkè ti mú un ní itan ni ṣéènì máa ń já mọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìsọ̀kalẹ̀ dùn mọ́ yín jù: ìsàlẹ̀ náà ni òjò ń kó yanrìn jọ sí, bí ènìyàn bá sì fún bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀ lórí yanrìn, táyà yóò yọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí etí ọ̀dà, nítorí òun ni mo rí tó ń gbé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ṣubú jù. Lọ́pọ̀ títì wa, ojú ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba. Òjò ti jẹ ilẹ̀ náà lọ, ọ̀dà sì dá dúró bí àtẹ̀gùn, gíga ìka mẹ́rin. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lẹ́yìn yín tí ẹ bọ́ sílẹ̀, kò sí láburú níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ padà sórí ọ̀dà ni kí ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ rọra yọ́ gòkè, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ táyà ha etí ọ̀dà lọ, táyà iwájú kò ní gòkè fún un. Yóò máa yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò ṣẹ́, ara rẹ̀ ni yóò sì gòkè níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dúró kí ọkọ̀ kọjá, kí ẹ kọjú táyà sí ọ̀dà náà gan-an, kí ẹ sì gùn ún lójúkojú.

Ní ti títì ńlá, gígé ni kí ẹ máa gé e kọjá, ẹ má ṣe máa tọ̀ ọ́. Oríta tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ ni kí ẹ ti gé e. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fẹsẹ̀ kan Ọjà Ọba, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́ yín láàárín èrò. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń fi agogo kẹ̀kẹ́ lé àwọn alárù tó ru àpò gàrí. Kò sí ẹni tó yà fún un, àwọn ìyá ọlọ́jà sì fi ọ̀rọ̀ sìn ín dé ìparí ọjà.

Nǹkan kan kù tí àwọn tó ń wọ takisí kì í kíyè sí. Apá ìwọ̀ oòrùn ìlú ni FUTA wà sí Alágbàká. Bí ẹ bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, oòrùn wà lójú yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó tún ti yí padà wá bá yín lójú. Bí ó ti ń ta yín lójú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ta ojú awakọ̀ tó wà lẹ́yìn yín, kò sì rí yín dáadáa. Ẹ̀wù dúdú kò yẹ yín lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ wọ funfun tàbí ọsàn, kí ẹ sì tètè kúrò nílé, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún àkókò tí ẹ máa ń lò tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn òkè wọ̀nyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń ka ìdáhùn yín lórí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ṣé máàpù orí fóònù kò tó ni? Mo kàn ń tẹ ibi tí mò ń lọ ni, ó sì ń júwe ọ̀nà sí mi létí. — Òǹkàwé yín ní Ìjàpọ̀.

ÌDÁHÙN: Bí ẹ kò bá pa á láṣẹ, ọ̀nà ọkọ̀ ni fóònù ń júwe, ọ̀nà tó bá sì yá ọkọ̀ ni yóò máa dá yín padà sí. Bí ẹ bá ní kó júwe ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, yóò mú yín wọ àdúgbò, àmọ́ ó lè gbé yín dé orí pákó bí irú tèmi. Èyí tí èmi ń lò jù ni àwòrán ìlú tí wọ́n yà láti òkè. Ẹ wá ìlà igi tútù tó wọ́ bí ejò láàárín àwọn òrùlé: omi nìyẹn. Ibi tí títì bá ti gé ìlà tútù náà já ni afárá máa ń wà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ lọ fi ojú ara yín wò. Bí ẹ bá rí i pé àgbàrá ti jẹ títì kan lọ, OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, gba ẹnikẹ́ni láyè láti tún un ṣe lórí máàpù, kí ẹlòmíràn má baà kó sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ yọ nǹkan yẹn kúrò létí. Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í sábà ní dígí. Etí yín ni ẹ fi ń wo ẹ̀yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn láti Yábà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá mi ní kí n máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí n lè rí ohun tó fẹ́ gbá mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bàbá rẹ kò purọ́, àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni òfin yẹn wà fún. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún, ọkọ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ lójú òfin títì. Apá ọ̀tún ni tìrẹ náà.

Ṣe ìṣirò rẹ̀ fún bàbá pẹ̀lú sùúrù. Bí o bá ń sáré kìlómítà 15 ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ kan ń sá 40 bọ̀ lẹ́yìn rẹ, 25 péré ló fi ń lé ọ bá, awakọ̀ náà sì ní àyè láti yà fún ọ. Bí ẹ bá kọjú síra yín, 55 ni ẹ fi ń sáré pàdé ara yín. Èyí tó tún burú jù ni ti ọkọ̀ tó ń yọ láti títì àdúgbò láti yà sọ́tùn-ún: òsì ni awakọ̀ rẹ̀ ń wò, nítorí òsì ni ó mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí o bá ń bọ̀ láti ọ̀tún rẹ̀, yóò ti tẹ iná kó tó yíjú rí ọ. Nígbà tí o bá sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí tó dúró, fi àyè tó tó mítà kan sílẹ̀ láàárín yín, nítorí èrò kì í wẹ̀yìn kó tó ṣílẹ̀kùn.