Sí àgùnbánirọ̀ tó fẹ́ ṣe géèmù agbésùmọ̀mí l'Abuja

Àbúrò mi ní Kubwa, o béèrè bóyá o lè máa ya àwòrán ìgboro fún géèmù tí o fẹ́ ṣe, èyí tí àwọn agbófinró ti ń lé agbésùmọ̀mí, àti ohun tí o máa fi ṣe é. Jọ̀ọ́, má tíì gbé kámẹ́rà jáde.

Mo ti ṣe irú ẹ̀. Wuse ni mo ti ń ya ògiri, ojú títì àti òpó iná, kí ẹni tó bá ń gbá géèmù náà lè mọ̀ pé Abuja gan-an ni. Àwọn agbófinró kan dé, wọ́n ní kí n ṣí laptop. Máàpù géèmù ló wà lójú ẹ̀: àmì pupa níbi tí ọ̀tá á ti yọ, búlúù níbi tí sójà á gbà wọlé, ọfà kan sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà ọjà. Mo ní géèmù ni. Ọ̀gá wọn ní, "Ta ló rán ẹ?" Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó rí i, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Ọ́fíìsì wọn ló wá burú jù. Ẹni tí wọ́n ní ó mọ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fáìlì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé "bomb_02", ẹni tó ń jẹun fi ṣíbí sílẹ̀. Ohùn ìbọn tí mo wà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí n mú ìbọn náà wá! Orí bẹ́ńṣì ni mo sùn, tí fóònù mi ń dún nínú dúrọ́ọ̀ wọn, tí mo sì mọ̀ pé ìyá mi ló ń pè. Abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàrin ogójì kìlómítà. Ta ni o fẹ́ kà á fún? Há nọ́ńbà lọ́yà sórí, torí wọ́n á gba fóònù.

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn agbésùmọ̀mí fi bọ́ǹbù kọlu ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé níbí lóṣù kẹjọ 2011, ti páàkì mọ́tò Nyanya tẹ̀ lé e lóṣù kẹrin 2014, wọ́n sì fọ́ ẹ̀wọ̀n Kuje ní 2022. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn ṣe géèmù America's Army jáde ní 2002 láti fi fa ọ̀dọ́ wọṣẹ́. Tiwa kò lè dá géèmù mọ̀ yàtọ̀ sí ète ìkọlù.

Wọ́n á ní kí o kọ lẹ́tà gba àṣẹ. Mo kọ ọ́. Ọ́fíìsì kan ní kí n lọ sí èkejì, èkejì dá mi padà sí àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bu ọwọ́ lu ìwé tí "bọ́ǹbù" wà nínú ẹ̀. Dírónù ńkọ́? Má tilẹ̀ dán an wò láìgba àṣẹ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò.

Ṣẹ̀dá ìlú tìrẹ, fún un lórúkọ mìíràn, kí o ya ògiri àgbàlá yín. Má lo Nyanya rárá. Àwọn tó pàdánù èèyàn níbẹ̀ ṣì ń wọ mọ́tò ní páàkì yẹn. Má sì wọ bàbá-ńrígá àti fìlà fún gbogbo ọ̀tá inú géèmù. Àwọn Mùsùlùmí tí Boko Haram ti pa ní Borno kò kéré, àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Hausa ló sì máa jẹ ìyà àwòrán bẹ́ẹ̀.

Godot, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni kí o lò, ọ̀fẹ́ ni. Tí ìpele àkọ́kọ́ bá ti ṣe é gbá, fi ránṣẹ́ sí mi.