Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo wáyà ọkọ̀ mi lọ́wọ́ omi òjò?

Ẹ ní iná ọkọ̀ yín máa ń ṣe ségesège tí òjò bá ti rọ̀, àti pé ẹ máa ń gba inú àgbàrá kọjá lápá odò Asà n'Ílọrin. Ojúkò tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ àti ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì ni omi sábà máa ń gbà wọlé. Téèpù dúdú táwọn rewáyà fẹ́ràn yẹn kì í dènà omi rárá. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á ti yọ gọ́ọ̀mù rẹ̀; tójò bá dé, inú rẹ̀ gan-an lomi á dúró sí. Ẹ tú ọ̀kan wò. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lára kọ́pà, ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ gé e títí tẹ́ ẹ fi máa kan kọ́pà tó ń dán, torí omi máa ń fà lọ sábẹ́ rọ́bà wáyà.

Ẹ yọ orí négátíìfù bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun o. Rọ́bà tó máa ń sún kì tóoru bá kàn án, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, ni kẹ́ ẹ fi bo ojú ìsopọ̀. Ẹ ti kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó so ó. Dielectric grease, ìyẹn gírísì tí iná kì í gbà kọjá, díẹ̀ ló yẹ ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe gírísì bẹ́rìn. Kí wáyà tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kómi lè kán sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ abẹ́ igi máńgòrò lẹ máa ń páàkì sí, ẹ máa kó ewé kúrò nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Tó bá dí ihò omi ibẹ̀, omi lè gba inú ọkọ̀ lọ bá fíúsì.