Ẹ Bi Àǹtí: Kàtúùnù Jàpáànì tó ń pa ọmọ mi lẹ́kún

Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí wa. Kubwa la wà, l'Ábújá níbí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS1 ní kàtúùnù Jàpáànì kan lórí fóònù, A Silent Voice ni wọ́n pè é, gbogbo ìgbà tó bá ti wò ó ló máa ń sunkún, tí n bá ní kí ló dé, á ní kò sí nǹkan. Bàbá ẹ̀ ní ká gba fóònù yẹn. Kí lẹ rí sí i? – Ìyá kan, Kubwa

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì, kí wọ́n má tíì gba fóònù. Mo mọ fíìmù yẹn dáadáa, Kyoto Animation ló ṣe é ní 2016, Naoko Yamada ló darí ẹ̀, inú ìwé kọ́míìkì Yoshitoki Ōima ni wọ́n ti mú un. Kì í ṣe eré ọmọdé rárá o. Shoko, ọmọbìnrin tí etí ẹ̀ ò gbọ́ràn, ni wọ́n gbé wá sí kíláàsì tuntun ní pírámárì, ìwé nóòtù ló fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, Shoya, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì náà, wá sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́, á já ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn kúrò létí ẹ̀, á jù ú nù, lọ́jọ́ kan ó já a títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde létí ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tí ọ̀gá iléèwé wá bi wọ́n, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní Shoya nìkan ni, látọjọ́ náà lòun náà ò ti lọ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Shoya wá dàgbà dé sẹ́kọ́ńdírì, kò lè wojú èèyàn. Wọ́n ya àmì X ńlá sójú gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ́nì kan bá wá sún mọ́ ọn tọkàntọkàn, X ojú onítọ̀hún á ṣí bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ yẹn máa ń mú mi gan-an. Kó tó lọ wá Shoko kàn, ó ti lọ kọ́ èdè ọwọ́, torí náà kì í ṣe ẹnu lásán ló fi bẹ̀bẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Mà, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì yẹn ló gbèrò àtigbẹ̀mí ara ẹ̀ nínú fíìmù náà, ti Shoko sì le gan-an láti wò. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó má dá a wò mọ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a wò ó tán, ẹ fi ìbínú sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í pé ta ló dà bíi Shoko ní kíláàsì yín, ta ló dà bíi Shoya. Ó lè jẹ́ òun ni wọ́n ń yọ lẹ́nu, ó lè jẹ́ òun ló ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu, ó sì lè jẹ́ pé ó ń wò wọ́n níran ni, tọ́rọ̀ náà ò sì jẹ́ kó sùn. Ábújá tá a wà yìí, wọ́n á tìránsífà òbí, ọmọ á bọ́ sí kíláàsì tí kò mọ ẹnì kankan, Hausa ni wọ́n ń sọ ní bíréèkì, ta ló fẹ́ sọ fún? Tó bá wá ní ayé ti sú òun, ẹ má pè é ní ìranù, ẹ gbàdúrà o, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tí dókítà ọpọlọ wà.

Àǹtí, mo máa ń sín ọmọ kan tó ń kólòlò jẹ ní JSS2, ní Kaduna níbí. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n kọ ọ́ sórí WhatsApp? – Ọmọkùnrin, ọmọ ọdún 17

Lọ bá a, ọmọ mi, ìwọ nìkan, má mú ọ̀rẹ́ dání, má sì gbé e sí status. Sọ nǹkan tó o ṣe gan-an, má kàn ní "tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́". Ó lè ní òun ò gbà, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, má torí ẹ̀ bínú. Tó bá sì gbà, jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ tiẹ̀ tán, bó ti wù kó pẹ́ tó, má bá a parí ẹ̀.

Etí àbúrò mi ò gbọ́ràn, ọmọ ọdún 15 ni, ṣé ó lè gbádùn fíìmù A Silent Voice tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn? – Minna

Ó lè gbádùn ẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé fún un. Ẹ kàn sọ fún un ṣáájú pé èdè ọwọ́ ti Jàpáànì ni wọ́n ń sọ, ó yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀. Ẹ tún sọ fún un pé Lexi Cowden tó fi ohùn ṣe Shoko nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, etí tiẹ̀ náà ò gbọ́ràn. Kẹ́ ẹ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ o, torí ibi tó le tí mo sọ lókè yẹn.