Èédú ni ara rẹ̀ kò yá: ṣé kí n gbé Òwú náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìlú Leeds ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Àwọn ọmọ ń sin ehoro méjì nínú ilé: Èédú, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, àti Òwú, abo tí wọ́n ti yọ ilé-ọmọ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti jọ ń gbé. Ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ ó rí èkejì níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni itọ́ ti ń rin àgbọ̀n Èédú, ó sì ń ṣa oúnjẹ jẹ. Dókítà ní eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kan ló ń gún un ní ahọ́n, pé ká gbé e wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n kùn ún lóorun, kí wọ́n sì rẹ́ eyín náà. Ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Èédú nìkan ni kí n mú wá. Ọ̀rẹ́ mi tóun náà ń sin ehoro ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, pé àwọn méjèèjì ni kí n gbé lọ. Ẹ̀rù sì ń ba ọkọ mi pé Òwú lè lọ kó àrùn níbẹ̀, àti pé owó lè di ìlọ́po méjì. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ gbé àwọn méjèèjì lọ, ìyáàfin. Òótọ́ lọ̀rẹ́ yín sọ. Ẹni tó gbé fóònù yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ajá àti ológbò ló ń bá a pàdé jù lójúmọ́, bí a sì ṣe ń ṣe é fún ajá kọ́ la ṣe ń ṣe é fún ehoro.

Ẹran tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ajá àti àṣá ń pa jẹ ni ehoro. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde kúrò nílé, tí ọkọ̀ ń mì ín, tí ó wá ń gbóòórùn ajá níbi tí kò mọ̀ rí, ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un ni pé ikú dé. Ìbẹ̀rù yìí kì í dúró sí ọkàn nìkan, ó máa ń dé ìfun. Ìfun ehoro gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Bó bá fẹ́ dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, inú á máa run ún, kò ní lè jẹun, àìjẹun náà á sì tún mú kí ìfun dákẹ́ sí i. Mo ti rí ehoro tí iṣẹ́ abẹ rẹ̀ yọrí dáadáa, tó jẹ́ pé ìfun tó dákẹ́ lẹ́yìn náà ló fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Ti Èédú tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹnu ti ń dùn ún, oúnjẹ rẹ̀ sì ti dín kù kí ẹ tó gbé e kúrò nílé. Bí Òwú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó fara tì í, tí ó ń lá orí rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ ju bó ṣe máa rí lóun nìkan lọ. Ehoro tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ló ń jẹun.

Èkejì ni ìpadàbọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò dé. Òórùn ni ehoro fi ń dá ara wọn mọ̀. Bí Èédú nìkan bá lọ, ó máa padà dé pẹ̀lú òórùn oògùn, òórùn ọwọ́ àjèjì àti ti ẹranko mìíràn, kò sì ní rìn bó ṣe máa ń rìn. Òwú tó wà nílé lè má mọ̀ pé òun ni. Ìjà ehoro kì í ṣe ohun kékeré: wọ́n máa ń fa etí ya, wọ́n sì máa ń géra wọn jẹ lábẹ́ ikùn. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi jọ gbé lè bàjẹ́ ní ọ̀sán kan, kó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún lè jọ sùn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ, òórùn kan náà ni wọ́n jọ máa gbé bọ̀.

Ní ti àrùn tí ọkọ yín ń bẹ̀rù, eyín kì í ràn. Kódà ká ní òtútù imú ló ń ṣe Èédú, inú ilé kan náà ni wọ́n ti ń mí, inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń mu omi. Kí ẹ tó mọ̀ pé ọ̀kan ń ṣàìsàn, èkejì ti bá a pín in. Àrùn tó yẹ ká bẹ̀rù gidi ni myxomatosis, èyí tó ń mú kí ojú ehoro wú, àti àrùn tí ń mú ehoro ṣẹ̀jẹ̀ sínú, èyí tí wọ́n ń pè ní RHD. Ẹ̀fọn àti yọ̀rọ̀ máa ń gbé myxomatosis wọlé, RHD sì lè bá bàtà tàbí koríko dé, nítorí náà ehoro tí kì í jáde rárá náà lè kó wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò wọn. Láti ọdún 2020 ni abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti wà ní Bìrìtìkó tó ń dènà myxomatosis àti oríṣi RHD méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń gbà á. Bí Òwú bá ti gbà á láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ewu rẹ̀ kéré gan-an. Bí kò bá tíì gbà á, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, kó wo eyín àti èékánná rẹ̀, kó wọn ìwúwo rẹ̀, kó sì fún un ní abẹ́rẹ́. Ìrìn kan náà ni. Ní ti owó, ẹ béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n máa gba nǹkan kan lórí ehoro tó kàn wá jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀ kì í gbà á.

Ẹ tún pè wọ́n kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ sọ pé àwọn méjèèjì ni ẹ ń gbé bọ̀, kí wọ́n lè wá àyè tó fẹ̀ sílẹ̀, jìnnà sí ajá àti ológbò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí Èédú má jẹun láti òru, ẹ má gbà o. Torí kí ajá àti ológbò má baà bì lójú oorun ni wọ́n ṣe ń febi pa wọ́n. Ehoro kò lè bì. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ koríko gbígbẹ títí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì di oúnjẹ rẹ̀ àti ewé tútù tó fẹ́ràn jù dání, kó lè rí ohun tó mọ̀ jẹ bó bá jí.

Kéèjì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi gbé wọn, èyí tó le, tó ṣeé ṣí látòkè, tó sì fẹ̀ tó kí àwọn méjèèjì lè dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì yí padà. Táwẹ́lì tí wọ́n ti ń sùn lé lórí ni kí ẹ tẹ́ sínú rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é, kí oòrùn má sì pa wọ́n. Níbi tí ẹ ó ti máa dúró de dókítà, ẹ gbé kéèjì náà sórí àga, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó, kí ajá má baà wá fi imú fẹ́ wọn.

Òwú kò ní wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á jọ wà títí wọ́n á fi fún Èédú ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á wá yà wọ́n. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí irin wà láàárín wọn, kí Òwú máa rí i, kó máa gbóòórùn rẹ̀, àmọ́ kó má lè gùn ún. Nígbà tó bá jókòó dáadáa, tó sì ti fẹnu kan nǹkan, kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó máa sùn mọ́jú, kí Òwú náà sùn síbẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí èmi náà máa ní kí ẹ yà wọ́n. Bí wọ́n bá ti jà, tí ọgbẹ́ wà lára, ó di dandan. Bí akọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dá, tí abo sì ní ilé-ọmọ, ẹ yà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí akọ náà ṣì lè fún un lóyún. Àwọn ehoro kan sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n ń bù jẹ. Kéèjì méjì tó fara kan ara wọn ló tọ́ sí irú wọn. Bí ìyapa bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má kàn jù wọ́n sínú ilé wọn. Yàrá tí kò sí èyí tó ń pè é ní tirẹ̀ nínú wọn, bíi bálùwẹ̀, ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé lójú yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aṣọ kan náà nu àwọn méjèèjì lára.

Ẹ má ka ìrìn yìí sí ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Eyín ehoro kì í dẹ́kun àtihù títí dọjọ́ ikú. Koríko gbígbẹ tó ń rún ló ń lọ̀ ọ́. Eyín ẹ̀yìn tó bá ti hù gba ọ̀nà ẹ̀bùrú báyìí sábà máa ń tún gùn, àwọn kan sì ń padà wá láàárín oṣù díẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí kéèjì náà máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ilé wọn láti òní lọ, kí koríko wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máa wọlé kí wọ́n máa jáde bó ṣe wù wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló máa ni yín lára nínú jíjọ wà wọn, òun náà ni pé ẹ ò ní mọ ta ló jẹun, ẹ ò sì ní mọ ta ló yàgbẹ́. Abọ́ á ṣófo, ẹ ó rò pé Èédú ni, Òwú ló jẹ ẹ́ tán. Ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó jẹun ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ ti irin sáàárín wọn fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ lè ka ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn ìrora tí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó pé, bó tilẹ̀ dà bíi pé ara rẹ̀ ti yá. Bó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí kò tíì fẹnu kan nǹkan, tàbí tí kò yàgbẹ́, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ Ajé.