Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran kò lè ka ìkéde wa: kí ni ká ṣe sí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ wa?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí lẹ́tà tàbí ìkéde, màá síkáàn án, màá sì gbé e sórí ìkànnì ní PDF. Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran wá sí ọ́fíìsì wa, ó ní fóònù òun kì í rí nǹkan kan kà níbẹ̀, pé ọ̀rẹ́ òun ló máa ń bá òun ka iye owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọ̀gá wa ní ká ra irú irinṣẹ́ tó máa ń gbé àwòrán ènìyàn kékeré sí igun ojú ewé, pé ìyẹn á tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? A tún ní àwọn ojú ewé tí a fi Yorùbá kọ. Ṣé ìṣòro wà nínú ìyẹn náà? Níbo sì ni mo ti lè kọ́ iṣẹ́ yìí láìsan owó gọbọi?

Ìdáhùn

Ẹ ṣé gan-an tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ṣeré. Kí n ti orí àbá ọ̀gá yín bẹ̀rẹ̀, nítorí owó wà níbẹ̀: ẹ má ra irinṣẹ́ náà. Ìwé tí ẹ síkáàn, àwòrán ìwé ni. Kọ̀ǹpútà kò rí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, tó ń pa àwọ̀ dà, kò lè sọ àkójọ fáìlì bẹ́ẹ̀ di ohun tí ènìyàn lè gbọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kéde pé ilé-iṣẹ́ accessiBe, tó ń ta irú irinṣẹ́ yìí, yóò san mílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń sọ fáyé gbọ́ pé irinṣẹ́ òun lè mú ìkànnì èyíkéyìí bá ìlànà mu, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń tìtorí wọn ra irinṣẹ́ yìí gan-an, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń pa á bí wọ́n bá ti bá a pàdé, torí ó máa ń dí ẹ̀rọ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń gbọ́. Ẹni tí kò ríran máa ń lo ètò kan tó ń ka ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà síta. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ẹ̀rọ akàwé. Lórí Android, TalkBack ni. Lórí iPhone, VoiceOver, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2009. Lórí Windows, JAWS, tí wọ́n ń tà, àti NVDA, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ará Australia kan tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ NVDA ní 2006, kí ẹni tí kò lówó má bàa wà láìní ẹ̀rọ akàwé.

Àwa tí a ríran máa ń fi ojú gbá ojú ewé kọjá títí a ó fi rí ohun tí a ń wá. Ẹni tó ń fetí kà á ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fò kọjá ohun tí kò nílò. Lórí NVDA, bó bá tẹ lẹ́tà H, á bọ́ sórí àkọlé tó kàn. Bó bá tẹ Insert pẹ̀lú F7, àkójọ gbogbo líǹkì tó wà lójú ewé á jáde. Lórí ìkànnì tó rí bí èyí tí ẹ júwe, ohun tó sábà máa ń gbọ́ nìyí: «líǹkì, click here, líǹkì, click here, líǹkì, click here, graphic, IMG 20240812 WA0007.» Iye owó ilé-ẹ̀kọ́ lè wà lábẹ́ líǹkì kejì. Ta ló máa sọ fún un? Bó bá sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ tó ṣí i, PDF náà á dákẹ́ lọ gbári, tàbí kí ẹ̀rọ ní ojú ewé òfìfo ni.

Torí náà, orí ìkéde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìkéde láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò ní sáà yìí ni: iye owó, kàlẹ́ńdà, àkókò ìdánwò, ìlànà ìforúkọsílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ́fíìsì fẹ́ràn òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù, ìdí sì wà fún un. Ẹ fi ìwé olóǹtẹ̀ náà pamọ́, kódà ẹ lè fi sórí ìkànnì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ tẹ̀ sójú ewé. Ẹnì kan ló kúkú fi Word tẹ ìwé yẹn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún ọ̀gá. Ẹ gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí ìkànnì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ríran, tó ń ṣọ́ dátà ná, á jàǹfààní nínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí ojú ewé ọ̀rọ̀ fúyẹ́ ju ìwé síkáàn lọ fíìfíì, kò sì ní máa fi ìka fẹ̀ ẹ́ kó tó rí i kà.

Bó bá di dandan kí ẹ gbé PDF síta, inú Word ni iṣẹ́ wà. Àkọlé tí ẹ kàn sọ di dúdú kìrìbìtì tí ẹ sì fẹ̀ lójú kì í ṣe àkọlé létí ẹ̀rọ akàwé. Ẹ lo Heading 1, Heading 2 tó wà nínú Styles. Bí tábìlì bá wà, ẹ jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ìlà àkọlé, kí ẹ má sì lẹ àpótí pọ̀ mọ́ ara wọn, torí ibẹ̀ ni etí ti máa ń ṣìnà tí owó ẹ̀ka kan á fi dà bí ti ẹ̀ka mìíràn. Lábẹ́ Review ni Check Accessibility wà; ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún ohun tó bá tọ́ka sí ṣe. Lẹ́yìn náà, Save As ni kí ẹ fi sọ ọ́ di PDF. Ẹ má ṣe lo Print to PDF, torí ńṣe ni ìyẹn máa ń da gbogbo àmì àkọlé tí ẹ ti ṣe nù. Ní ti àwọn ìwé àtijọ́ tí fáìlì Word wọn ti sọnù, ètò OCR lè yọ ọ̀rọ̀ jáde lára àwòrán, àmọ́ ẹ fi ojú ara yín kà á tán kí ẹ tó gbé e síta. Òdo kan tó bá sọnù nínú iye owó á kó ilé-ẹ̀kọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà.

Orúkọ líǹkì ni kí ẹ tún ṣe tẹ̀lé e. «Click here» kò sọ nǹkan kan. «Iye owó ilé-ẹ̀kọ́, ọdún kìn-ín-ní, PDF, ojú ewé méjì» sọ gbogbo rẹ̀.

Àwòrán nílò àlàyé tí ẹ̀rọ lè kà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alt text. Ohun tí àwòrán náà wá ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ kọ. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé tuntun, tí ojú ewé sì ń júwe ọ̀nà, ẹ kọ pé ẹnu ọ̀nà náà kọjú sí pápá ìṣeré, pé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ fi alt rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, kí ẹ̀rọ lè fò ó. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pósítà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ayẹyẹ, ọjọ́, àkókò, ibi tí a ó ti pàdé, nọ́ńbà tí a ó pè, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán kan, wọ́n á gbé e sórí ìkànnì àti WhatsApp, kò sì ní sí ìlà ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ìkànnì lẹ lè fòpin sí èyí: kí pósítà kankan má jáde láìsí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ojú ewé Yorùbá yín, ìṣòro wà, ó sì ju ọ̀kan lọ. Àkọ́kọ́, ìkànnì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá lòun. Nínú kóòdù ojú ewé, lang="yo" ni. Púpọ̀ nínú ìkànnì wa ni wọ́n kọ́ sórí ètò tí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ kò sì yí i padà, ni ẹ̀rọ bá ń ka Yorùbá bí ẹni ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pọ̀ lójú ewé, tí ìpínrọ̀ kan péré jẹ́ Yorùbá, orí ìpínrọ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ fi àmì náà sí.

Èkejì ni bí ẹ ṣe ń tẹ lẹ́tà. Ẹ wo ẹ̀ nínú «ilé-ẹ̀kọ́» dáadáa. Ẹnì kan lè tẹ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn á tẹ è, á wá fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi igi kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò àmì tóótó (dot). Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ti Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, a lè sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan, nípa ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, àmọ́ ẹ̀kẹta dá dúró gedegbe. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá kọ ìkànnì kan ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá ń wá «ilé-ẹ̀kọ́» lè rí ìdá kan kó pàdánù ìyókù. Ẹ fẹnu kò sórí ọ̀nà kan, kí gbogbo yín sì lo kíbọọ̀dù kan náà. Keyman ní ti Yorùbá fún kọ̀ǹpútà, Gboard sì ní i fún fóònù, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ burú ju ìyẹn lọ. Kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan máa ń ya ọ, ẹ àti ṣ sórí ipò àmì mìíràn. Bí ẹ bá da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ sórí ìkànnì, àmì mìíràn yẹn ni ẹ̀rọ máa rí, òun náà ló sì máa kà. Àfi kí ẹ tún un tẹ̀.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yọ àmì ohùn kúrò, torí ẹ̀rọ tó ní ohùn Yorùbá ṣì ṣọ̀wọ́n, tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń kọsẹ̀ lára àwọn àmì náà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohùn Yorùbá tó bá dára kò lè mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn láìsí àmì. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí gbólóhùn kúrú.

Ìyókù kò gùn. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete lórí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: ìlànà sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àárín méjèèjì gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí kò tóbi lójú, 3 sí 1 fún èyí tó tóbi. Eérú lórí funfun ló ń pa ọ̀pọ̀ ìkànnì lára. Nígbà tí WebAIM, ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ni bí ìkànnì ṣe lè ṣeé lò fún àkàndá ẹ̀dá, yẹ mílíọ̀nù kan ojú ewé àkọ́kọ́ wò ní 2024, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ló kùnà níbẹ̀. Ẹ gbé máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi Tab nìkan rìn láti òkè dé bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀. Ibi tí ẹ bá há sí, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà há sí. Kí àpótí fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Kí fídíò ní ọ̀rọ̀ lábẹ́, nítorí àwọn tí kò gbọ́ràn.

Ìlànà tí mo ń tọ́ka sí ni WCAG, tí W3C, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ìkànnì, ń ṣe. Ẹ̀dà 2.2 jáde ní oṣù Kẹwàá 2023. Ìpele AA, èyí tó wà láàárín nínú ìpele mẹ́ta rẹ̀, ni kí ẹ máa lépa. Bí ọ̀gá yín bá béèrè ìdí, ẹ sọ fún un pé Nàìjíríà ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àjọ UN lórí ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá láti 2010, pé abala kẹsàn-án rẹ̀ dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì, pé òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìn-ín-ní 2019 sì ka fífi àbùkù ara ya ènìyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, W3C ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí edX, Introduction to Web Accessibility. Ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlàyé WebAIM rọrùn láti kà. Fún ìwé kíkọ tó yé ènìyàn, Google ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí technical writing, ìjọba Britain sì gbé ìlànà ìkọ̀wé GOV.UK síta fún gbogbo ayé. Èmi fẹ́ràn èyí kejì jù, torí pé ìkéde ìjọba gan-an ló ń tọ́ni sọ́nà lé lórí, bíi tiyín. Ẹgbẹ́ Write the Docs jẹ́ ibi tí ẹ ti lè bi àwọn oníṣẹ́ léèrè. Bí ẹ bá rí àkójọ àtijọ́ tó ní kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Society for Technical Communication, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953 yẹn ti kógbá wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ìwé ẹ̀rí CPACC ti IAAP, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, dára, ṣùgbọ́n owó ni. Ó lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi NVDA sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ pa ojú rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti wá iye owó ilé-ẹ̀kọ́ yín.

WAVE àti Lighthouse, ètò tó ń yẹ ojú ewé wò, á bá yín tọ́ka sí àṣìṣe, àmọ́ wọ́n lè rí i pé àlàyé àwòrán wà, wọn kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ̀. Ẹ pè é, kí ó yẹ ojú ewé tuntun wò kí ẹ tó kéde rẹ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ sì sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń san fún ẹlòmíì tó bá ṣiṣẹ́. Kí iṣẹ́ náà tó parí, ẹ fi ìlà kan sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́: nọ́ńbà àti ímeèlì ẹni tí ènìyàn lè kàn sí bí kò bá rí ìkéde kan kà, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà kí ó tó rí èsì. Ẹ rí i dájú pé ẹnì kan wà tó ń gbé fóònù náà.