Òtútù Kọ́ Ló Ń Mú Kámẹ́rà Làágùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé. Ìgbà òtútù máa ń sú mi, àfi bí mo bá gbé kámẹ́rà lọ sí páàkì, kí n lọ ya igi àti ẹyẹ robin aláyà pupa kan tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo ṣe wọlé báyìí, omi bo lẹ́nsì. Ọ̀rẹ́ mi ní òtútù ló wọ̀ ọ́ nínú, kí n rì í sínú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Ṣé kí n má gbé e jáde mọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́, yọ kámẹ́rà rẹ kúrò nínú ìrẹsì! Ó ti sú mi láti máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ìrẹsì kúrò nínú ihò kámẹ́rà àwọn oníbàárà.

Òtútù kọ́ ló ṣe é. Ṣé o rántí ìgò mínírà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì nílé, bó ṣe máa ń làágùn? Omi yẹn kò ti inú ìgò wá. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbígbóná ló pàdé ohun tútù, tó di omi sí i lára. Níta, kámẹ́rà tutù, afẹ́fẹ́ náà tutù, kò sí ìjà láàárín wọn. Inú ilé tí hítà wà ní títàn, tí ọbẹ̀ ń hó lórí iná, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ wá tún fẹ́ gbé e sún mọ́ hítà!

Kí o tó wọlé, gbé kámẹ́rà sínú ọ̀rá, fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí o dì í pa. Má tú u fún wákàtí méjì. Ara ọ̀rá ni omi yóò dúró sí. Tí omi bá ti bò ó, pa á, yọ bátìrì, kí o fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí inú lẹ́nsì bá ṣì ṣú lọ́jọ́ kejì, gbé e lọ fún alátùnṣe. N kò fojú rí i, n kò lè búra.

Bátìrì ni òtútù ń bá jà ní tòótọ́. Fi èkejì sí àpò inú kóòtù rẹ.

Máa jáde lọ o, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí o lọ. Ní oṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti wọ̀ ní Manchester. Kámẹ́rà kì í ṣe dókítà ṣá. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí o kò rí oorun sùn, pe GP rẹ, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ. Kí o sì fi àwòrán robin yẹn ránṣẹ́ sí mi.