Mo ti ra ayùn orí tábìlì gbàǹjo rí, jọ̀ọ́ gbọ́ tèmi kó o tó náwó

Àbúrò, o ní owó ọwọ́ ẹ ò lè ra méjèèjì, pé ṣé ayùn orí tábìlì kékeré ni kó o kọ́kọ́ rà àbí circular saw tí wọ́n ń fọwọ́ tì, o tún bèèrè àpótí irinṣẹ́ onígba ẹyọ yẹn. Mo fẹ́ dá ẹ lóhùn ní ṣókí o, àmọ́ bí mo ṣe ka "ayùn orí tábìlì kékeré" báyìí ni ẹ̀gbẹ́ ìhà mi ti ń ro mí, mi ò ṣàwàdà, ibi tí pákó ti bà mí gan-an ni.

Fídíò ló kó bá mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń yẹ irinṣẹ́ wò ló ní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sí méjì ẹ̀, mọ́tò ẹ̀ lágbára, ó fúyẹ́, èèyàn lè gbé e kiri. Ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn, òótọ́ ni, mọ́tò ò ṣe mí ní nǹkan kan. Fence ẹ̀ ló ṣe mí, ìyẹn irin gígùn tí pákó máa ń fẹ̀gbẹ́ tì tó o bá ń tì í lọ sẹ́nu ayùn. Tó o bá tẹ ọwọ́ tí wọ́n fi ń dè é, iwájú á di mú gírígírí, ìdí ẹ̀ lẹ́yìn á ṣì máa mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo wọ̀n ọ́n. Láti fence sí ojú ayùn níwájú, 100 mm. Lẹ́yìn, 97. Mo sì rí i lọ́jọ́ kìíní tí mo tú u nínú páálí o, mo kàn ní màá máa ṣọ́ ọ ni.

Ẹni tí ò tíì lò ó lè má mọ nǹkan tí 3 mm lè ṣe. Eyín ayùn tó wà níwájú, lọ́dọ̀ ẹ níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń wọ̀, ó ń tẹ pákó mọ́ tábìlì, kò sí wàhálà. Àwọn ti ẹ̀yìn, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń yọ bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n sì ń kọjú sí. Tí ẹ̀yìn fence bá wá sún mọ́ ayùn ju iwájú lọ, pákó á há sáàárín, àwọn eyín ẹ̀yìn yẹn á gbé e sókè, wọ́n á jù ú lù ẹ́ kó o tó ṣẹ́jú. Kò kan pé o lágbára, kò kan pé ara ẹ yá. Plywood 12 mm ni mo ń gé, ègé ọ̀hún ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ní fífẹ̀, mo kàn gbọ́ gbàù ni, mo ti wà nílẹ̀, ayùn ṣì ń yí lórí tábìlì, èmi ń wo àjà. Igun pákó yẹn ya àmì sábẹ́ ìhà mi bí ẹni fi rúlà fà á, ó dúdú, ó di aláwọ̀ ewé, ó wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó sì ti gba àtàǹpàkò òsì mi kọjá, ó ká èékánná ẹ̀ láti ìdí. Dókítà bi mí bóyá wọ́n lù mí ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi ò lè fọwọ́ òsì di bọ́tìnnì, tí sísín bá fẹ́ gbé mi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ògiri dì mú. Ẹ̀rín, ìyàwó mi ti fi òfin dè é nínú ilé.

Kí n má parọ́, mo jẹ̀bi níbì kan. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń dúró lẹ́yìn ayùn, riving knife ni wọ́n ń pè é, òun ni kì í jẹ́ kí ojú ibi tá a ti gé pa dé mọ́ ayùn. Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́, torí ó wọ́ wá, pákó ń kọ́ ọ. Mo tún dúró síwájú ayùn gan-an, dípò kí n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má yọ irin yẹn láéláé. Tó bá wọ́, tún un ṣe tàbí kó o dá ẹ̀rọ náà padà.

Ọ̀rọ̀ dídá padà wá kàn. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, mo fi fọ́tò sí i, mo fi rúlà sí fọ́tò kí wọ́n lè rí 3 mm náà lójú ara wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá. Ọ̀gá kan wá dáhùn pé àṣìṣe ẹni tó lò ó ni, pé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ti sọ pé kí n yẹ fence wò kí n tó gé ohunkóhun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń mì, ìdí tí mo ṣe ń kọ̀wé sí wọn nìyẹn! Ó tún bi mí bóyá mo ti fi ṣiṣẹ́ gbowó rí, èmi olóòótọ́ ẹ̀dá, mo ní mo ti ta àpótí ìwé méjì, ó ní ó mà ṣe o, iṣẹ́ ilé nìkan ni gáráńtì wà fún. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń kọ sí gbogbo èèyàn, mo padà rí ẹlòmíì tí wọ́n kọ ọ́ sí, kọ́mà ẹ̀ gan-an ò yí padà. Àwọn onífídíò yìí náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn ní irinṣẹ́, wọ́n á gé pákó márùn-ún, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó parí. Tí ẹnì kan bá ń yẹ ayùn orí tábìlì wò fún ẹ tí kò fọwọ́ mi ìdí fence, pa fídíò náà.

Circular saw ni kó o rà jàre. Fi kíláǹpù méjì de pákó tó gún régé mọ́ èyí tó o fẹ́ gé, kí bàtà ayùn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹ̀, máa fẹ̀gbẹ́ tì í lọ, o mọ ìyẹn. Jẹ́ kí ẹnu ayùn yọ díẹ̀ báyìí lábẹ́ pákó, má jẹ́ kó gùn jù. Ojú plywood tó dáa, dà á dé sílẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni eyín ti ń gé bọ̀ sókè, òkè ló máa ń ya yánnayànna. Ayùn tó máa ń bá a wá sábà máa ń ní eyín 24, pákó lásán nìyẹn wà fún, tètè wá èyí tó ní 40 sókè fún plywood, owó tó o bá ná síbẹ̀ ò ní dùn ẹ́.

Àpótí onígba ẹyọ, mo ra irú ẹ̀ rí. Nínú igba yẹn, àádọ́rùn-ún jẹ́ ẹnu sukúdíráfà tó jọra. Àwọn irin ìlugi aláwọ̀ góòlù yẹn, àwọ̀ lásán ló wà lára ti wọn, mẹ́rin dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ ra HSS gidi (high-speed steel, irin líle tí wọ́n fi ń ṣe irin ìlu) ní 3, 4, 5, 6 àti 8 mm, ó tán. Tó o bá ń lu irin, jẹ́ kó rọra yí, fi òróró sí i, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó máa jẹ irin. Tó bá kàn ń yí láìjẹ, gbígbóná ló ń gbóná yẹn. Sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tú bóòtù náà, onígun mẹ́fà ni kó o wá, onígun méjìlá máa ń jẹ orí bóòtù tó bá ti dípẹtà.

Ṣọ́ra fún bátìrì o. Tó o bá ti ra díríìlì oníbátìrì kan, o ti fẹ́ ìdílé àwọn tó ṣe é nìyẹn, torí bátìrì ti ẹlòmíì kì í sábà wọ̀ ọ́, gbogbo èyí tó o bá tún máa rà, ọ̀dọ̀ wọn lo máa padà sí. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "20V max" gba owó kún owó lọ́wọ́ ẹ pé ó ju 18V lọ. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún ló wà nínú àwọn méjèèjì, 3.6V lọ́nà márùn-ún jẹ́ 18. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún tán ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń tó 4V, ni wọ́n bá sáré kọ 20 sí i lára.

Kí n tó gbàgbé, gíráíńdà, ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé irin tí wọ́n sì fi ń lọ̀ ọ́: mo rí àwọn tó ń fi ayùn eléyín sí i láti fi gbẹ́ igi. Má dán an wò. Má yọ ìbòrí ẹ̀. Wo nọ́ńbà eré tó wà lára díìsìkì tó ń gé irin, kò gbọ́dọ̀ kéré sí eré gíráíńdà fúnra ẹ̀.

Àwọn nǹkan tí mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ rí, kò sí ìkankan tó ń pariwo níbẹ̀. Try square irin, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ igun wò bóyá ó gún. Kó o tó sanwó, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tó gún, fa ìlà, yí i dà, tún fa ìlà láti ojú kan náà. Tí ìlà méjèèjì bá ń pínyà, wíwọ́ ẹ̀ jẹ́ ìdajì ohun tó o rí yẹn. Mo ti dá mẹ́ta padà báyìí, ẹni tó ń tà á ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ ò pé. Kíláǹpù, rà á bí owó bá ṣe ń wọlé, kì í tó. Ṣísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, 6, 12, 18 àti 25 mm, àti òkúta tó o máa fi pọ́n wọn. Bí òkúta ò bá tíì sí, lẹ sáńpépà mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, ó ń ṣe é. Pọ́n ọn sí dígírì 25, fi 30 fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ gan-an. Ṣísẹ́ẹ̀lì tuntun kì í sábà mú láti páálí, ẹ̀tàn ni ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, pọ́n ọn kó o tó ní kò dáa. Ìfági àlòkù tó ti dípẹtà sàn ju tuntun gbàǹjo lọ, ṣùgbọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ lábẹ́ bóyá ó ti sán, tó bá ti sán, fi sílẹ̀ fún wọn.

Okùn iná tó o fẹ́ máa fà lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn, iná ò ní dé ibi mọ́tò dáadáa, mọ́tò á máa gbóná. Tó bá jẹ́ ti inú kẹ̀kẹ́ ìká, tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, èyí tó bá ṣì ká síbẹ̀ lè yọ́ mọ́ra wọn.

Ayùn orí tábìlì tèmi ṣì wà ní igun, mo ti yọ wáyà ẹ̀, mo da pátákó bò ó, orí ẹ̀ ni mò ń gbé ike gọ́ọ̀mù sí. Mi ò lè tà á fún ọmọ ọlọ́mọ. O ò tiẹ̀ sọ bí pákó tó o fẹ́ máa gé ṣe nípọn tó, dá mi lóhùn kí n lè sọ bí circular saw yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.